Ìlànà oúnjẹ tí ìjọba gbé jáde: ṣé ó dé inú ìkòkò wa ní Kàbà, Ìjùmú àti Ìyàgbà?

OlùkọKàbà kọ:

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìlera ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. A dé ibi àwòrán onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣàlàyé oúnjẹ: iṣu, ọkà, ìrẹsì àti gààrí wà nísàlẹ̀ pátá, ẹ̀fọ́ àti èso tẹ̀ lé e, ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà wà lókè wọn, ọ̀rá àti súgà wà ní ṣóńṣó. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Sà, ti ìsàlẹ̀ yẹn nìkan la máa ń rí jẹ nílé wa." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí bó ṣe rí nílé ọ̀pọ̀ wọn nìyẹn.

Ohun tó gbé mi wá síbí rèé. Ọdún 2001 ni Ilé Iṣẹ́ Ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà oúnjẹ Nàìjíríà jáde. Wọ́n pín in bí ọjọ́ orí ṣe rí, látorí ọmọ ọwọ́ dé orí arúgbó: kí ìkókó mu ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà, ká máa jẹ oríṣiríṣi, ká dín iyọ̀ kù, ká máa jẹ èso. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe láti ilé dé ilé ní 2018 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ nítorí àìjẹunrekánú. Nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọyàn nìkan. Ẹ tún wo àwọn òkú tí a ń sin láti Kàbà dé Ìsánlú, kí ẹ bi ara yín pé mélòó ni ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà kò lọ́wọ́ nínú ikú wọn.

Ṣé ìlànà yìí ṣe wá láǹfààní kankan? Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín, torí mo ṣì máa padà lọ bá àwọn ọmọ yẹn.

AgbẹÌsánlú kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Èmi ò tíì fojú kan ìwé yẹn rí, mi ò sì rò pé ẹnì kan lábúlé wa rí i. Abuja ni wọ́n kọ ọ́ sí, Abuja náà ló wà.

Bàbá mi jẹ iyán lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ́ lálẹ́, ó sì lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi ń lọ oko, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀, ọkọ́ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa tá a wà báyìí, ọ̀kadà ló ń gbé wa dé etí oko, tí a bá délé, a ó bu iyán bíi tiẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwa tá à ń ṣe oúnjẹ kì í jẹ ẹ́. Ìyàwó mi á kó ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ lọ sọ́jà, á fi owó ẹ̀ ra nóódù inú láílọ́ọ̀nù bọ̀ fáwọn ọmọ, torí ẹyin ò yóni, nóódù ló ń yóni. Bí kaṣú bá pọ́n, a ó ká kóró ẹ̀ fún oníṣòwò tó ń kó o lọ sí òkè òkun, èso ẹ̀ á máa jẹrà nílẹ̀ oko bí ẹni pé kò wúlò. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ìwé ìjọba lè tún ṣe?

Àbẹ̀kẹ́Mopa kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìyá tí kò mọ̀ pé ẹyin dára fún ọmọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ̀wà gbówó lórí ní 2024, kóńgò ẹ̀wà di ohun tá à ń dúró wò lẹ́ẹ̀mejì ká tó dá a lé. Kí wọ́n tó sọ ohun tí màá sè fún mi, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tó wà lọ́wọ́ mi. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n, tí wọ́n á máa bá mi wí níwájú èèyàn bí ẹni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ febi pa á.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ̀ kọ:

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń bá ìyá wí nídìí òṣùwọ̀n kò ṣe iṣẹ́ tó bá dé ibẹ̀. Ìyá tí wọ́n bá dójú tì lónìí kò ní padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ ẹ̀ ni yóò sì jìyà ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìlànà kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà ní àwọn abúlé orí òkè wa, wọ́n á sọ fún yín nípa gẹ̀gẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé èpè ni, tàbí pé omi odò ló fà á. Àìtó áyódìn ni, èròjà kan tí ara nílò. Kì í sì ṣe ọrùn nìkan ló ń bà jẹ́, bí aláboyún kò bá ní áyódìn tó, ọpọlọ ọmọ inú ẹ̀ ló ń forí kó o. Láti 1993 ni ìjọba ti pàṣẹ pé iyọ̀ jíjẹ tí wọ́n bá ń tà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní áyódìn. Wọn ò ní kí ìyá kankan ka ìwé, wọn ò kó ẹnikẹ́ni jọ sí gbọ̀ngàn. Iyọ̀ tí gbogbo wa ń rà náà la ṣì ń rà, àyípadà ti dé bá a látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Ẹ wo ọrùn àwọn ọmọ ìwòyí.

Ní 2002 wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún fítámì A: ó di dandan kí wọ́n fi sínú fúláwà, súgà àti òróró. Ẹ yẹ àpò súgà tàbí fúláwà wò, ẹ ó rí àmì ojú kékeré lára ẹ̀, ohun tí àmì yẹn túmọ̀ sí nìyẹn. Àìtó fítámì A máa ń fọ́ ọmọ lójú, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyi àti ìgbẹ́ gbuuru tètè pa á. Ibi tó kù sí ni òróró tí wọ́n ń rọ sínú ìgò lọ́jà: kò lórúkọ, kò ní àmì, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlànà tó bá wọ inú òfin, tó sì wọ inú oúnjẹ fúnra ẹ̀, a máa dé ọ̀dọ̀ tálákà. Èyí tó bá dúró sínú ìwé, ẹni tó lówó tó sì ráyè nìkan ló máa jàǹfààní ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìyàrá kọ:

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Ìyàrá ni mí, mò ń kọ́ nípa oúnjẹ àti ìlera ní Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí bá ohun tó ṣẹlẹ̀ láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn mu.

Amẹ́ríkà ló mú àwòrán onígun mẹ́ta yẹn gbajúmọ̀ ní 1992. Wọ́n ní kéèyàn jẹ búrẹ́dì, ìrẹsì àti irú wọn ní ìwọ̀n mẹ́fà sí mọ́kànlá lójúmọ́, wọn ò sì ya búrẹ́dì funfun sọ́tọ̀ kúrò lára ọkà tí wọn ò bó. Gbogbo ọ̀rá ni wọ́n kó sí ṣóńṣó bí ohun tó yẹ ká sá fún, àti èyí tó ń ṣe ọkàn lóore àti èyí tó ń pa á lára. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ rí àyè, wọ́n yọ ọ̀rá kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tà, wọ́n fi súgà dí àlàfo ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé kò lọ́rá. Ní 2005 wọ́n tún àwòrán náà yà, ní 2011 wọ́n pa á tì, wọ́n fi àwòrán àwo rọ́pò ẹ̀, tí èso àti ẹ̀fọ́ gba ìdajì. Ní 2015 wọ́n tún yọ òté tí wọ́n fi lé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú oúnjẹ, irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹyin àti ẹran, èyí tó ti ń dẹ́rù ba àwọn tó ń jẹ ẹyin láti ọjọ́ pípẹ́. Olùkọ́, bí ìwé yín bá ṣì ń lo onígun mẹ́ta yẹn, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé àwọn tó mú un gbajúmọ̀ ti pa á tì ní 2011.

Àwọn kan ń sọ pé ìlànà yẹn ló sọ àwọn ará Amẹ́ríkà di olókùnrùn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ìjọba wọn ní ìdíwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ oúnjẹ aráàlú wò bóyá ó bá ìlànà mu, nǹkan bíi 58 nínú 100 ni wọ́n ń gbà. Ohun tí èèyàn ò tẹ̀ lé, kò lè jẹ́ òun nìkan ló ṣe é léṣe. Ibi tí ìlànà náà ti lágbára níbẹ̀ ni oúnjẹ ilé ìwé, torí òfin ló de alásè mọ́ ọn.

Finland ni kí ẹ wá wò. Ní apá ìlà oòrùn wọn tí wọ́n ń pè ní North Karelia, àìsàn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé ogun wọ̀lú. Bọ́tà, mílíìkì ọlọ́ràá, iyọ̀ àti sìgá ni oúnjẹ wọn. Ní 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ dókítà ọ̀dọ́ kan, Pekka Puska. Kò dúró sórí ìwàásù. Ó lọ bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, wọ́n kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe lè se ọbẹ̀ àtayébáyé wọn kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ẹ̀, ó lọ bá àwọn tó ń ṣe sọ́séèjì pé kí wọ́n dín ọ̀rá àti iyọ̀ kù, wọ́n sì ran àwọn olóko màlúù lọ́wọ́ láti gbin èso. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé, ikú àìsàn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin yẹn fi ohun tó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Brazil náà ṣe tiwọn ní 2014, lédè tó yé ará oko. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa gíráàmù. Wọ́n ní ká fi oúnjẹ tó ti oko wá àti èyí tí a sè nílé ṣáájú èyí tí ilé iṣẹ́ pò pọ̀, tí wọ́n sì dì sínú láílọ́ọ̀nù. Tí a bá fi èyí wo ilé wa, iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ borí nóódù láìjà.

Nípa kaṣú, ẹ̀gbọ́n AgbẹÌsánlú, ó ká mi lára. Fítámì C tó wà nínú èso yẹn ju ti ọsàn lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa jẹ ẹ́.

AgbẹÌsánlú kọ:

Àbúrò, mo gbọ́ ti kaṣú, o ṣeun. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ìwọ fúnra ẹ sọ nípa Finland: wọ́n ran olóko lọ́wọ́ láti gbin nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Tí ìjọba bá fẹ́ ká máa jẹ ẹ̀wà àti sóyà, kí wọ́n fún wa ní irúgbìn tó dáa, kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe, kí ẹ̀wà wa lè dé Kàbà láìjẹ́ pé owó mọ́tò ti jẹ èrè tán. Ìlànà oúnjẹ tí kò bá dárúkọ àgbẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

ỌmọLọ́kọ́jà kọ:

Mo fara mọ́ ọn. Odò méjì pàdé níwájú ilé wa níbí, ẹja sì gbówó lórí ju ẹran lọ láwọn ọjọ́ mìíràn. Èyí tó tóbi, ọkọ̀ Abuja ló ń gbé e lọ.

BàbáÌjùmú kọ:

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìtọ̀ súgà ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo lọ, ẹnu kan ni wọ́n fi lé mi: n kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyán mọ́, wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni kí n máa jẹ. Wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan, àwòrán àpù àti búrẹ́dì òyìnbó ló wà lára ẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ máa rí àpù rà lójoojúmọ́?

Àwọn baba wa ní iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ó dùn mí pé wọ́n gba iyán lọ́wọ́ mi, mo sì gbà fún wọn. Wíìtì ni mò ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Síbẹ̀ tí wọ́n bá gún mi níka, súgà ò wálẹ̀. Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ̀ kọ:

Bàbá, ẹ kú ara líle. Wíìtì, iyán, àmàlà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ìyá kan náà ló bí wọn. Oúnjẹ afúnnilókun ni gbogbo wọn, súgà ni wọ́n ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí òkèlè wíìtì bá ga bíi ti iyán, ibì kan náà ló máa já sí. Bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́, ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ kan kalẹ̀, ẹ fojú pín in sí méjì. Ẹ̀fọ́ ló ni ìdajì kan: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ilá, èyí tó bá wà lásìkò náà. Ẹ pín ìdajì kejì sí méjì, ẹja tàbí ẹ̀wà tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba apá kan, iyán gba apá tó kù, kó má ju ìkúùkù yín lọ. Ẹ jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì rìn díẹ̀ ládùúgbò lẹ́yìn ẹ̀. Nípò àpù, ọsàn kan tàbí ègé ìbẹ́pẹ kan ti tó. Ẹ jẹ odindi ọsàn, ẹ má fún omi ẹ̀ mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ nítorí àgbo. Tẹ́ ẹ bá sì ti dín òkèlè kù, ẹ sọ fún dókítà yín, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n á ní láti dín oògùn náà kù kí súgà má baà lọ sílẹ̀ jù. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí ojú ń ṣú, ẹ tètè mu nǹkan dídùn, kí ẹ sì pe èèyàn.

Inú ń bí mi sí àwọn ìwé pélébé alápù yẹn. Ẹni tó bá máa yàwòrán oúnjẹ fún ará Ìjùmú, kó wá sọ́jà Ìjùmú kó tó yà á.

Ọlọ́jàKàbà kọ:

Ọjà Kàbà ni mo ti ń tajà, ìdí irú, ata àti èròjà ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Tẹ́lẹ̀, irú ni ìyàwó ilé máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ní báyìí, magí ni. Ẹlòmíràn á ra magí márùn-ún fún ìkòkò ọbẹ̀ kan, á tún ra iyọ̀ lé e. Mo bi ọ̀kan léèrè, ó ní ọkọ òun á sọ pé ọbẹ̀ ò dùn.

Ti epo náà wà ńbẹ̀. Wọ́n á gbé epo pupa kaná títí á fi funfun, títí èéfín á fi gba ilé kan, wọ́n ní ìgbà yẹn ni ọbẹ̀ ń ta sánsán. Ṣé kò léwu, nọ́ọ̀sì?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìyàrá kọ:

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n bá nọ́ọ̀sì dáhùn. Ohun tó ń mú epo pupa pọ́n náà ló ń di fítámì A nínú ara wa. Tí epo bá ti funfun, ó ti jóná lọ, owó tẹ́ ẹ ná sí i sì ti wọ inú èéfín. Kí epo sáà gbóná díẹ̀, ó tó.

Nípa iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí a dà ní ìtẹ́jú. Ìdajì magí, ó kéré tán, iyọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fi magí márùn-ún sínú ìkòkò kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù mẹ́rin, gíráàmù iyọ̀ mẹ́wàá ló ti wọlé kẹ́ ẹ tó ṣí ike iyọ̀. Iyọ̀ inú búrẹ́dì àti nóódù ò sí níbẹ̀ o. Irú ní tiẹ̀ ní èròjà amáradàgbà, bí ẹni tó ṣe é kò bá sì da iyọ̀ sí i, iyọ̀ inú ẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹnu ọkọ tó ti mọ́ iyọ̀ lè yí padà. Ní Bìrìtìkó, ìjọba bá àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti oúnjẹ inú agolo ṣàdéhùn, wọ́n ń yọ iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ahọ́n ò fura. Láàárín 2001 sí 2011, iyọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ lọ sílẹ̀ láti gíráàmù 9.5 sí 8.1. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé: ẹ yọ magí kan lóṣù yìí, ẹ fi irú dí i.

Ìjọba tiwa náà ti gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀. NAFDAC ti ṣòfin pé ọ̀rá burúkú tí wọ́n ń pè ní trans fat kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ọ̀rá. Òfin ìnáwó ọdún 2021 sì fi owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà ohun mímu dídùn kọ̀ọ̀kan. Náírà mẹ́wàá yẹn ló bí mi nínú, torí náírà márùn-ún ló bọ́ sórí ìgò onílítà ààbọ̀ kan. Ta ni náírà márùn-ún máa dá dúró lónìí? Ẹni tó ń ṣòfin yẹn kò fẹ́ kó ká ẹnikẹ́ni lára.

OlùkọKàbà kọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. "Ìgò onílítà ààbọ̀" yẹn, àbúrò, mo rò pé ààbọ̀ lítà lo ní lọ́kàn, ìyẹn ìgò ike táwọn ọmọ ń mu nísinmi.

Mo ti ń bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tí koríko bò, a fẹ́ gbin òtílí, tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ síbẹ̀. A ó sì bá àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà jókòó, a ò ní lé wọn. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín wọn ló dáa jù níbẹ̀, òun náà ló tètè ń tán. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní sí ìkẹta, wọ́n sì dá a dúró ní oṣù kìíní 2024, nítorí náà a ò retí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, mo gbà pẹ̀lú AgbẹÌsánlú pé kò yẹ kí ìjọba fi í sílẹ̀ fún wa bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìwé bá ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò, àgbẹ̀ á gbin ẹ̀wà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìyàrá kọ:

Bẹ́ẹ̀ ni sà, ààbọ̀ lítà ni.

Àbẹ̀kẹ́Mopa kọ:

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ. Àbíkẹ́yìn mi pé oṣù mẹ́sàn-án, ògì ni mò ń fún un lẹ́yìn ọyàn. Ó ń mu ún dáadáa, ṣùgbọ́n kò sanra. Kí ni mo lè fi kún un tí kò ní gba owó ńlá?

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ̀ kọ:

Ìyá, omi ló pọ̀ jù nínú ògì. Ikùn ọmọ kéré, ó ti kún kí oúnjẹ tó wọlé. Ẹ má dá ọyàn dúró.

Ẹ ṣe èyí: ìwọ̀n mẹ́fà ọkà bàbà tàbí àgbàdo, ìwọ̀n mẹ́ta sóyà, ìwọ̀n kan ẹ̀pà. Agolo kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣa ẹ̀pà náà dáadáa, èyí tó bá hu tàbí tó dúdú, ẹ dà á nù, májèlé wà nínú ẹ̀. Ẹ yan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sóyà gbọ́dọ̀ jinná títí òórùn tútù á fi kúrò lára ẹ̀. Ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí. Tẹ́ ẹ bá ń sè é, kó ki débi tí kò ní yọ́ dànù lórí ṣíbí, kí ẹ wá fi ṣíbí tíì epo pupa kan sí i. Tí ẹyin bá wà, ọ̀kan lọ́jọ́ díẹ̀ sí ara wọn, ẹ má tà gbogbo ẹ̀.

Kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí wọ́n fi okùn wọn apá òsì ẹ̀. Tó bá wà ní pupa, ìyẹn kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé nìkan mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́jọ́ náà. Láti 11.5 sí 12.5, ìyẹn ofeefee, oúnjẹ tí mo kà yìí àti àyẹ̀wò lóòrèkóòrè ni. Bí wọ́n bá bá yín wí níbẹ̀, ẹ dá wọn lóhùn pé ẹ ti wá, pé ìtọ́jú lẹ wá gbà.

AgbẹÌsánlú kọ:

Ìyá Mopa, mo ní sóyà díẹ̀ tó kù láti ìkórè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ọkọ̀ Kàbà máa ń gba Mopa kọjá, màá fi rán an.